Máàkì odò wa já wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ omi rẹ̀ mọ́ gaara: èwo ni ká gbà gbọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Àwa mẹ́sàn-án la yọ̀ǹda ara wa láti máa ṣọ́ odò kan. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù la ń wọnú rẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀n, a ń wo àwọn kòkòrò tó ń gbé ibẹ̀, fọ́ọ̀mù miniSASS tí wọ́n ṣe ní Gúúsù Áfíríkà la sì fi ń ṣírò máàkì. Fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, máàkì wa kò kúrò ní 6. Lóṣù tó kọjá, ó já sí 3.7. Ẹ̀rù bà wá, a wá ra ìwé ìdánwò omi, èyí tí wọ́n ń tì bọ omi tí àwọ̀ rẹ̀ ń yí padà. Ìwé náà ní kò sóhun tó ṣe omi, omi ọ̀hún sì mọ́ gaara lójú wa pẹ̀lú. Òjò ńlá kan rọ̀ ní ọjọ́ márùn-ún ṣáájú, ẹni méjì tó di àwọ̀n mú lọ́jọ́ náà sì jẹ́ ẹni tuntun. Àwọn kan nínú wa ní ká lọ fẹjọ́ sun ìjọba kíá, àwọn kan ní ká gbàgbé ẹ̀. Mo fi fọ́ọ̀mù oṣù àkọ́kọ́ àti ti oṣù tó kọjá ránṣẹ́. Èwo ni ká gbà gbọ́, kòkòrò ni àbí ìwé ìdánwò?

Ìdáhùn: Ẹ kú akitiyan o, ẹ̀yin mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Kí ènìyàn máa dìde lóṣooṣù láìgbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kó lọ fẹsẹ̀ bọ odò tó tutù nítorí kí odò náà má baà kú, iṣẹ́ ńlá ni lójú mi. Ẹ̀rù tó bà yín yẹn gan-an fi hàn pé ẹ ti mọ odò náà bí ẹni mọ ará ilé rẹ̀.

Ìdáhùn mi ní ṣókí ni pé kí ẹ gba kòkòrò gbọ́ ju ìwé ìdánwò lọ, ṣùgbọ́n kí ẹ má tíì gba fọ́ọ̀mù oṣù tó kọjá gbọ́. Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ohun tó ń gbé inú odò kì í parọ́, ọwọ́ wa tó lọ wá a ló lè ṣì í wá.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ìwé ìdánwò kúrò ńlẹ̀. Omi tí ẹ ti ìwé bọ̀ lọ́jọ́ náà ti lọ jìnnà kí ẹ tó nu ọwọ́ yín gbẹ. Bí ẹnì kan bá da ìdọ̀tí sódò lóru Sátidé, tí ẹ̀yin dé ibẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé, ìdọ̀tí ọ̀hún ti bá omi lọ, omi tuntun ló wà níwájú yín, òtítọ́ nípa omi tuntun náà ni ìwé ìdánwò á sì sọ. Àmọ́ kòkòrò tó wà lábẹ́ òkúta kò ríbi sá sí lóru Sátidé. Gbogbo ohun tó bá omi kọjá ló gba ara rẹ̀ kọjá. Ẹ wo mayfly, kòkòrò odò kan tó jẹ́ pé inú omi ló ti ń dàgbà: ọ̀pọ̀ wọn ń lo oṣù mélòó kan lábẹ́ òkúta, àwọn mìíràn ń lo ọdún kan sí méjì, kí wọ́n tó hu ìyẹ́ kí wọ́n sì fò jáde. Bí wọ́n bá ti fò jáde tán, wákàtí díẹ̀ sí ọjọ́ mélòó kan ló kù fún wọn láyé, wọn kì í sì jẹun mọ́. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá rí ọmọ mayfly tó ti tóbi nínú àwọ̀n yín, ẹ̀rí ni pé fún gbogbo oṣù tó ti lò níbẹ̀, kò sí òru kan tí omi náà burú tó láti pa á.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìwọ̀nba nǹkan ni ìwé ìdánwò mọ̀: bí omi ṣe kan tó, iyọ̀ ajílẹ̀ bíi náítíréètì, àti nǹkan díẹ̀ mìíràn. Kò mọ oògùn apakòkòrò rárá. Ní oṣù Keje ọdún 2013, lórí odò Kennet nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni bíi tiyín ló kọ́kọ́ rí i pé àwọn edé kékeré inú odò náà ti kú, àwọn kòkòrò rẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí àwọn aláṣẹ wádìí rẹ̀, chlorpyrifos ni wọ́n bá nínú rẹ̀, oògùn apakòkòrò tó jẹ́ pé ìwọ̀nba tí ojú ò lè rí nínú omi ti tó láti pa á. Nǹkan bíi kìlómítà 15 lára odò náà ló fara gbá a. Kò sí ìwé aláwọ̀ kankan tí ì bá sọ fún wọn. Àwọn edé tí wọn kò rí mọ́ nínú àwo tí wọ́n ń da ohun inú àwọ̀n sí ló sọ ọ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá wo fọ́ọ̀mù yín. Ẹ̀yin òǹkàwé tí ẹ kò mọ miniSASS, bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Àwọn onímọ̀ odò ní Gúúsù Áfíríkà ní ìlànà gígùn kan tí wọ́n ń pè ní SASS, tó gba ẹni tó ti kọ́ṣẹ́ dáadáa. Wọ́n wá gé e kúrú sí oríṣi 13 kí àwọn ọmọ ilé ìwé àti ará àdúgbò lè lò ó. Oríṣi kọ̀ọ̀kan ní máàkì tirẹ̀. Èyí tí kò lè fara da ìdọ̀tí ní máàkì ńlá, èyí tó lè gbé inú ohunkóhun ní máàkì kékeré. Ẹ ó ro máàkì gbogbo oríṣi tí ẹ rí pọ̀, ẹ ó sì fi iye oríṣi náà pín in.

Ní oṣù àkọ́kọ́, ẹ rí àwọn mayfly tó ń di òkúta mú (11), caddisfly, kòkòrò odò tó ń ta òwú (9), akàn (6), ọmọ lámilámi (6), mayfly kékeré tó ń wẹ̀ bí ọmọ ẹja (5), kòkòrò ẹlẹ́yìn líle (5), ìgbín odò (4), àti ìdin eṣinṣin pẹ̀lú tanwíjí (2). Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 48, oríṣi mẹ́jọ, ó já sí 6. Ní oṣù tó kọjá, ẹ rí ọmọ lámilámi, mayfly tó ń wẹ̀, kòkòrò ẹlẹ́yìn líle, ìgbín àti ìdin eṣinṣin bíi ti tẹ́lẹ̀, àmọ́ mayfly tó ń di òkúta mú kò sí, caddisfly kò sí, akàn kò sí. Eṣúṣú (2) àti ekòló odò (2) ló gba ipò wọn. Ó jẹ́ 26, oríṣi méje, ó já sí 3.7. Ìṣirò yín kò ní àṣìṣe kankan.

Ẹ gbàgbé nọ́ńbà náà fúngbà díẹ̀, kí ẹ béèrè pé ta ló kó jáde, ta ló sì kó wọlé. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Àkọ́kọ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ oògùn apakòkòrò kúrò. Bí irú oògùn bẹ́ẹ̀ bá wọ odò, àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ lọ, àwọn kòkòrò, edé àti ọmọ akàn, nígbà tí ìgbín àti ekòló á ṣì máa rìn káàkiri bí ẹni pé nǹkan ò ṣe. Mayfly tó ń wẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí oògùn apakòkòrò tètè ń mú, síbẹ̀ ó wà nínú àwo yín. Èkejì, omi kíkan kọ́ ni. Omi tó kan jù kì í jẹ́ kí ìgbín rí èròjà kọ́ ìkarawun rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìgbín yín wà níbẹ̀.

Ohun méjì ló kù lọ́kàn mi, wọ́n sì jọra bí ìbejì lórí fọ́ọ̀mù. Ó lè jẹ́ pé ẹrẹ̀ tàbí ìdọ̀tí ilé ìgbẹ́ ti wọ odò náà. Ó sì lè jẹ́ pé àwọn ẹni tuntun yín kàn ti àwọ̀n bọ ibi tí kò yẹ ni.

Ẹ wo àwọn tó sọnù: àwọn tó ń di òkúta mú, níbi tí omi ti ń sáré. Ẹ wo àwọn tó wọlé: eṣúṣú àti ekòló, ará ibi ẹrẹ̀ tí omi kì í yára. Bí mo bá mú odò tó gbádùn pátápátá, tí mo sì sọ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kó lọ fi àwọ̀n wá inú rẹ̀, etí odò ni yóò dúró sí, níbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti balẹ̀, tí omi ti rọlẹ̀, tí ẹrẹ̀ sì wà. Ohun tí yóò kó jáde níbẹ̀ ni irú fọ́ọ̀mù tí ẹ fi ránṣẹ́ yìí. Mi ò bá wọn wí o. Gbogbo wa la bẹ̀rẹ̀ báyẹn. Àárín omi tó ń já lórí òkúta máa ń dẹ́rù ba ẹni tuntun, òkúta ibẹ̀ wúwo, ó sì ń yọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe yẹ kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ṣe é, torí ibí yìí ni iṣẹ́ àwọn olùyọ̀ǹda ti sábà máa ń dà rú. Ẹ wá ibi tí omi ti ń já, tó ń pariwo díẹ̀, tí òkúta bí ẹ̀kúnwọ́ sí bí orí ọmọdé pọ̀ níbẹ̀. Ẹ tẹ ẹnu àwọ̀n mọ́ ilẹ̀ odò gbọnyin, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí ibi tí omi ti ń bọ̀. Kí ẹni tó ń tàpá dúró níwájú àwọ̀n náà, lápá òkè odò, kó máa fi gìgísẹ̀ yí àwọn òkúta, kó fi wọ́n gbo ara wọn, kí ohun tó bá já lára wọn lè bá omi wọ àwọ̀n. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé òkúta ńlá mélòó kan lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fọwọ́ fọ abẹ́ wọn sínú àwọ̀n. Mayfly pẹlẹbẹ, ọ̀kan lára àwọn tó ń di òkúta mú, kì í tètè já. Ara rẹ̀ tẹ́ bí ẹni tí wọ́n fi ọwọ́ tẹ̀ mọ́lẹ̀, orí rẹ̀ tẹ́, itan rẹ̀ tẹ́, omi gba orí rẹ̀ kọjá láìrí ibi tì í. Bí ẹ bá yí òkúta padà sójú ọ̀run, ẹ ó rí i tó ń sáré bọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì bí òjìji. Ẹni tó ń ta ẹsẹ̀ lásán nínú iyanrìn ò lè rí i láéláé.

Aago ṣe pàtàkì pẹ̀lú. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni miniSASS ń fẹ́. Àwọn tó ń lo ìlànà Riverfly nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ta ẹsẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, wọ́n á sì fi ìṣẹ́jú kan yẹ òkúta wò. Èyí tó bá wù yín nínú ìlànà, ẹ yan ọ̀kan kí ẹ má yí i padà. Bí ẹ bá fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá wá kòkòrò lóṣù yìí, tí ẹ fi mẹ́ta wá a lóṣù tó ń bọ̀, ìyàtọ̀ inú ìṣẹ́jú yín lẹ ń wọ̀n, odò ò sí níbẹ̀.

Mo mọ bó ṣe ń rí. Ní ọdún kan, ẹgbẹ́ tí mo wà nínú rẹ̀ rí máàkì tó já wálẹ̀ fún oṣù méjì léraléra. A ti kọ lẹ́tà tán sí ilé iṣẹ́ kan tó wà lókè odò, orúkọ wọn wà níbẹ̀, ó ku ká fi ránṣẹ́. Alẹ́ ọjọ́ náà ni ọ̀kan lára wa mú àwọ̀n wá síbi iná láti fọ̀ ọ́, ó sì pè mí. Àwọ̀n wa àtijọ́ ti ya, ẹnì kan ti fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, ojú àwọ̀n tuntun náà sì fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Oṣù méjì gbáko, àwọn kòkòrò kéékèèké ti ń gba ojú ihò rẹ̀ jáde. Mo ṣì ń rántí bí ara mi ṣe tutù nígbà tí mo ronú pé a fẹ́ fẹ̀sùn kan àwọn èèyàn nítorí ihò àwọ̀n. Láti ọjọ́ náà, mo ń kọ ìwọ̀n ojú àwọ̀n sí orí fọ́ọ̀mù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ àti orúkọ ẹni tó ta ẹsẹ̀.

Òjò wá ńkọ́? Òjò ńlá lè gbá odò mọ́. Òkúta á máa yí, àgbàrá á gbé ohun gbogbo lọ, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí àwọn ará ibẹ̀ tó pa dà dé láti òkè odò. Ìdí nìyí tí àwa kì í fi wọnú odò fún ìwádìí lẹ́yìn àgbàrá títí omi yóò fi fà tí yóò sì tòrò, ọjọ́ márùn-ún sì kéré lẹ́yìn òjò ńlá. Àmọ́ àgbàrá kì í ṣẹ̀sà. Ó ń gbé ìgbín, ó ń gbé ekòló, ó ń gbé mayfly, gbogbo wọn á dínkù papọ̀. Ìdọ̀tí ló ń ṣẹ̀sà: ó ń lé àwọn kan, ó sì ń bọ́ àwọn mìíràn. Nítorí náà, iye tí ẹ rí nínú oríṣi kọ̀ọ̀kan lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹ kò sì kọ iye kankan.

Ẹ̀bi yín kọ́. Fọ́ọ̀mù náà kò béèrè rẹ̀, èyí sì ni ohun kan ṣoṣo tí mi ò fẹ́ràn nínú miniSASS. Mayfly kan ṣoṣo àti mayfly ọ̀ọ́dúnrún, máàkì kan náà ni wọ́n ń gbà. Odò lè pàdánù èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ẹ̀dá rẹ̀ kí máàkì yín tó mì rárá, nígbà tí yóò bá sì fi mì, ọ̀ràn ti pẹ́. Ìlànà Riverfly tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún àwọn apẹja nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2007, kò ṣe bẹ́ẹ̀. Oríṣi mẹ́jọ péré ni wọ́n ń wò, ṣùgbọ́n wọ́n ń wo iye: 1 sí 9 gba máàkì 1, 10 sí 99 gba 2, 100 sí 999 gba 3, ẹgbẹ̀rún kan sókè gba 4. Kò pọn dandan kí ẹ kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ojú yín lè fojú bù ú. Mo rọ̀ yín kí ẹ yá àṣà yìí lò. Ẹ fi miniSASS yín sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ kàn máa kọ 1, 2, 3 tàbí 4 sí ẹ̀gbẹ́ oríṣi kọ̀ọ̀kan.

Ohun mìíràn tí ẹ ó máa kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni ìdin pupa. Fọ́ọ̀mù kó gbogbo ìdin eṣinṣin sínú àpótí kan, àmọ́ kékeré kan wà tó pupa bí ẹ̀jẹ̀, tó ń ká ara rẹ̀ tó ń nà án bí okùn tí wọ́n ń gbọ̀n. Pupa rẹ̀ wá láti inú ohun kan náà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ wa pọ́n. Ó ń fi í di afẹ́fẹ́ ọ́síjìn mú níbi tí ọ́síjìn kò ti tó nǹkan. Bí ẹ bá rí mẹ́ta, kò sí wàhálà, inú odò tó dára náà ló ń gbé. Bí ẹ bá rí igba pẹ̀lú ekòló tó dì mọ́ra bí òwú, tí caddisfly kò sì sí, ìdọ̀tí tó ń jẹrà ló ń jẹ ọ́síjìn odò yín. Ẹ yí òkúta kan padà níbẹ̀. Bí abẹ́ rẹ̀ bá dúdú tó sì ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, tàbí tí nǹkan bí òwú eléérú bá lẹ̀ mọ́ ọn tó ń mì nínú omi, ẹ ti rí ìdáhùn yín.

Bí ẹrẹ̀ bá ni, òkúta náà kò ní rùn. Ẹ fi ìka nù ún. Erùpẹ̀ kíkúnná tó bo òkúta ń dí gbogbo àlàfo tó wà láàárín wọn, àlàfo wọ̀nyẹn sì ni ilé. Ibẹ̀ ni mayfly pẹlẹbẹ ń sá sí, ibẹ̀ ni caddisfly ń na àwọ̀n tirẹ̀ sí. Bẹ́ẹ̀ ni, àwọn kan nínú wọn ń ta òwú bí aláǹtakùn, wọ́n ń na àwọ̀n kékeré sáàárín òkúta méjì láti fi gba oúnjẹ tí omi ń gbé bọ̀. Àwọn mìíràn ń fi òwú náà lẹ iyanrìn tàbí ègé ewé pọ̀ kọ́ ilé sára, ẹ ó rò pé igi wẹ́wẹ́ lásán ni nínú àwo, títí ẹsẹ̀ mẹ́fà á fi yọ níwájú rẹ̀ tí igi náà á sì máa rìn lọ. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń ní kí ẹni tuntun kọ́kọ́ jókòó ti àwo náà fún ìṣẹ́jú méjì láìfọwọ́ kàn án. Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé caddisfly yín wà nínú àwo lóṣù tó kọjá tí ẹ sì dà á padà sómi pẹ̀lú pàǹtírí.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìdánimọ̀. Ẹ kò tíì ṣàṣìṣe rẹ̀, mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n ṣáájú. Stonefly, kòkòrò odò mìíràn tó jọ mayfly, ló ní máàkì tó ga jù lọ lórí fọ́ọ̀mù yín, 17 ni. Ká ní ní oṣù àkọ́kọ́ ẹnì kan ṣi ọ̀kan nínú mayfly yín mú fún stonefly, 48 á di 65, oríṣi mẹ́jọ á di mẹ́sàn-án, 6 á sì di 7.2 lójijì. Kòkòrò kan ṣoṣo ló ṣe gbogbo ìyẹn. Stonefly kì í ní ju ìrù méjì lọ, mayfly sábà máa ń ní mẹ́ta, ṣùgbọ́n àwọn mayfly kan ní méjì, ìrù sì máa ń já nínú àwọ̀n, ẹ má gbára lé e nìkan. Ẹ wo ìhà ikùn rẹ̀: mayfly ní nǹkan bí ewé wẹ́wẹ́ níbẹ̀ tó ń mì pẹ́pẹ́pẹ́, òun ló fi ń mí. Stonefly kò ní irú ewé bẹ́ẹ̀. Ẹ fi awò wo ẹsẹ̀ rẹ̀, èékánná méjì ló wà lẹ́nu ẹsẹ̀ stonefly, ọ̀kan ni ti mayfly. Ẹ má sì banú jẹ́ bí ẹ kò bá rí stonefly rí. Omi tútù ni wọ́n fẹ́ràn, oríṣi wọn tó wà nínú odò ilẹ̀ olóoru Áfíríkà kò pọ̀ rárá, ìwé ìdánimọ̀ tí wọ́n ṣe fún odò Gẹ̀ẹ́sì ló ń jẹ́ kí àwọn ènìyàn rò pé odò wọn ti bàjẹ́.

Àsìkò pẹ̀lú ń fa àṣìṣe. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mayfly kan wà tí wọ́n ń pè ní blue-winged olive tó ń lo gbogbo ìgbà òtútù nínú ẹyin. Ẹni tó bá wá a nínú oṣù Kìíní kò ní rí i, odò sì gbádùn. Irú wọn wà níbi gbogbo, tí wọ́n ń fò jáde papọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan tí àwo á sì ṣófo ní ọ̀sẹ̀ kejì. Oṣù mẹ́rin péré ni ẹ ní lọ́wọ́. Ẹ kò tíì mọ ìwà odò yín yípo ọdún, nítorí náà ẹ má dáwọ́ dúró. Oṣù yìí lọ́dún tó ń bọ̀ lẹ ó ti mọ èyí tó jẹ́ àṣà rẹ̀ àti èyí tó jẹ́ àìsàn.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe báyìí nìyí. Ní kété tí omi bá ti fà tó sì tòrò, ẹ padà lọ, ẹ má dúró de ọjọ́ ìwádìí oṣù. Kí ẹni tó ta ẹsẹ̀ ní oṣù àkọ́kọ́ tún ta ẹsẹ̀, ní ojú ibi kan náà, fún ìṣẹ́jú kan náà, kí àwọn ẹni tuntun dúró tì í kí wọ́n sì wo bó ṣe ń ṣe é. Ẹ má lé wọn sẹ́yìn, àwọn ni yóò di àwọ̀n náà mú lọ́la. Lẹ́yìn náà, ẹ gòkè odò lọ síbi kejì tó jọ ti àkọ́kọ́, tí omi ti ń já lórí òkúta, ṣùgbọ́n tó wà lókè ibi tí gọ́tà tàbí odò kékeré kankan ti ń wọlé, kí ẹ ṣe ohun kan náà níbẹ̀. Bí máàkì bá padà sí nǹkan bíi 6 níbi àkọ́kọ́, ọwọ́ ló ṣì, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí ọkàn yín balẹ̀. Bí ibi méjèèjì bá lọ sílẹ̀, tí gbogbo oríṣi sì ṣọ̀wọ́n, ẹ fura sí àgbàrá, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ṣùgbọ́n bí òkè bá dára tí ìsàlẹ̀ sì burú, ẹ rìn láàárín méjèèjì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ wà ní ibì kan lójú ọ̀nà yẹn.

Ìgbà yẹn lẹ tó lọ bá ìjọba. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibi ìṣọ́ kọ̀ọ̀kan ní máàkì tí wọ́n ti fẹnu kò lé lórí pẹ̀lú àjọ tó ń bójú tó odò. Bí máàkì bá lọ sísàlẹ̀ ìyẹn, wọ́n á tún un wò, bó bá sì dúró síbẹ̀, wọ́n á fi tó àjọ náà létí. Ẹ̀yin náà lè bá àwọn aláṣẹ tiyín ṣe irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ kí wàhálà tó dé, torí lẹ́tà ẹgbẹ́ tí wọ́n ti mọ̀ kì í pẹ́ lórí tábìlì. Ẹ mú fọ́ọ̀mù gbogbo oṣù lọ, ọjọ́, aago, àwòrán. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí àti ibi tí ẹ ti rí i. Ẹ má sọ ẹni tó ṣe é, kódà bó bá dá yín lójú. Iṣẹ́ tiwọn nìyẹn, wọ́n ní ohun èlò láti fi wádìí rẹ̀, ọ̀rọ̀ yín á sì lágbára jù bí kò bá sí ìbínú nínú rẹ̀.

Bí ẹ bá rí ẹja tó kú tàbí tó ń gba èémí lójú omi, tàbí tí òórùn oògùn ń jáde, ẹ má tún nǹkan kan wò. Ẹ jáde nínú omi, ẹ pè wọ́n lójú ẹsẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kíyè sí ara yín. Kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo ló ń wọ odò, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ bí omi bá ti kọjá orúnkún tó sì ń sáré. Ní ilẹ̀ tí àtọ̀sí ajá bá wà, bàtà rọ́bà gígùn àti ìbọ̀wọ́ ni kí ẹ wọ̀, kí ẹ yẹra fún omi adágún, torí ìgbín inú rẹ̀ ló ń gbé kòkòrò àrùn náà. Ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó jẹun. Ẹ sá àwọ̀n àti bàtà gbẹ dáadáa kí ẹ tó gbé wọn lọ sí odò mìíràn, kí ẹ má baà gbé àrùn odò kan fún èkejì. Ẹ fi omi tútù sínú àwo, ẹ gbé e síbi òjìji, kí ẹ sì dá gbogbo ẹ̀dá inú rẹ̀ padà sí ibi tí ẹ ti kó wọn.

Bí ẹ bá ti lọ tán, ẹ fi fọ́ọ̀mù ibi méjèèjì ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú iye ìdin pupa àti àwòrán abẹ́ òkúta kan láti ibi kọ̀ọ̀kan. Ẹ ya àwòrán òkúta náà kí ẹ tó fi omi ṣàn án.